Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣọ́ Ọpọlọ Wa Bí A Ti Ń Ṣọ́ Oko Wa

  Láti Èrúwà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Bí a bá pàdé lórí ètò yìí, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti kòkòrò ni a sábà máa ń sọ. Lónìí, mo fẹ́ kí á gbé ọkọ́ àti àdá sílẹ̀ díẹ̀, kí á sọ̀rọ̀ nípa irinṣẹ́ kan tí kò sí àgbẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Irinṣẹ́ náà kì í ṣe katakata. Ọpọlọ tó wà nínú agbárí wa ni. Òun ló ń sọ fún wa pé òjò ti tó gbin àgbàdo. Òun ló ń rántí ẹni tó jẹ wá lówó ẹ̀gúsí. Òun náà ló ń mú wa mọ ọ̀nà ilé láti oko. Bí ọkọ́ bá kán, a ó ra òmíràn lọ́jà. Ọpọlọ kò sí lórí àtẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tó ṣojú mi bẹ̀rẹ̀. Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Èrúwà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní akápò tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọjọ́ pẹ́ tí bàbá yìí ti ń tọ́jú owó ẹgbẹ́, kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ìṣirò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Owó tí ẹnì kan san lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹlòmíràn, kò kọ ọ́ rárá. Ó ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìpàdé kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan wọ́n ka owó, wọ́n rí i pé ₦40,000 dín. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ó ti kó owó ẹgbẹ́ jẹ, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá yẹ ìwé wò. Mo jẹ́wọ́ fún yín pé èmi náà ti dá a lẹ́bi nínú ọkàn mi kí n tó dé ibẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló rí owó náà ní ọjọ́ kẹta, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, kò sì rántí mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru dé 210 lókè, 120 nísàlẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé ó ti pẹ́ tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ rẹ̀ ti ń dí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹrẹ̀ bá ń dí ojú odò. Kì í ṣe olè jíjà, kì í ṣe ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n fún un rí ni.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: ọ̀pọ̀ ohun tó ń ba ọpọlọ jẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú orí. Inú ìkòkò ọbẹ̀, inú ìgò oògùn, ibi ìkúnlẹ̀ abiyamọ àti orí ọ̀kadà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a ti lè dá a dúró.

Ẹ̀RÍ LÁTI ÌBÀRÀPÁ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera ìgbèríko ní ilẹ̀ Ìbàràpá, wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ń wá gbé láàrin àwọn ará ìlú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún àti ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ di ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ dunjú.

Lẹ́yìn bí ogún ọdún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, tí ó jẹ́ ògbóǹkangí onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ara ní Ìbàdàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé ní ìlú méjì ní Ìbàràpá. Ìkíní ni Ayétẹ̀, tí wọ́n kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1982. Ìkejì ni Igbó-Ọrà, tí ìwé tirẹ̀ jáde ní 1987. Wọ́n ń wá àwọn tó ní àrùn ọpọlọ, pàápàá wárápá. Ní Ayétẹ̀, níbi tí àwọn tí wọ́n wò kò ti pọ̀, ohun tí wọ́n rí tó ènìyàn 37 nínú 1,000. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí wọ́n ti wo bí 19,000 ènìyàn, bí ènìyàn 5 péré ni nínú 1,000.

Ẹ rò ó wò. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n ń gbìn, oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Ohun tí àwọn olùwádìí tọ́ka sí ni ètò ìlera tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Igbó-Ọrà. N kò sọ èyí láti fi ará Ayétẹ̀ ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ ìgbà náà ni. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé wárápá tí a ń sá fún, tí a ń lé àwọn tó ní i kúrò nídìí àwo oúnjẹ, kì í ṣe àmúwá ọ̀tá. Itọ́ ẹnu ẹni tó ní i kì í ran ènìyàn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń ti ara ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí wá, ti ara ibà tó gun orí, ti ara yírùnyírùn àti ti ara orí tó fara pa. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, kò sì wọ́n púpọ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni kí a máa lò ó lójoojúmọ́ láìdá a dúró.

ORÍ ỌMỌ TUNTUN

Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níhìn-ín, àti ẹ̀yin bàbá tí owó wà lọ́wọ́ yín.

Èkíní, kí aboyún bímọ níbi tí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ wà. Ọmọ tí kò bá ké, tí kò sì mí fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọpọlọ rẹ̀ ti ń jìyà.

Èkejì, bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n rúsúrúsú bí omi osùn tàbí bí ata ilẹ̀, kí ẹ má ṣe máa gbé e sí oòrùn kí ẹ sì máa retí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kí ẹ sì má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan fọ́, kí ojú wọn sì pọ́n gidigidi. Bí pípọ́n náà bá pọ̀ jù, ó máa ń wọ ọpọlọ.

Ẹ̀kẹta ni gìrì. Nígbà tí gìrì bá mú ọmọ, ẹ̀rù a máa bani, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí a fi ewé tábà sí, tí àwọn èèyàn wa ń rọ sí ọmọ lẹ́nu, ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ tí kò kú di aláìsàn ọpọlọ. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ títí tí ọmọ yóò fi sùn lọ láìjí. Fífi ẹsẹ̀ ọmọ sínú iná kò sì ṣe é lóore kankan ju egbò lọ. Ẹ dá ọmọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ara rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì tètè gbé e lọ. Àpò ẹ̀fọn tí ọmọ ń sùn sínú rẹ̀ lálaalẹ́ sì ti dènà ibà náà kí gìrì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni iyọ̀. Bí ẹ bá ń ra iyọ̀, ẹ wò ó lára ọ̀rá rẹ̀ pé wọ́n fi áyódíìnì sí i. Láìsí i, gẹ̀gẹ̀ lè yọ sí ọrùn ìyá, ọmọ inú rẹ̀ sì lè ya dìndìnrìn. Ẹ dé e dáadáa, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná, nítorí áyódíìnì a máa fò lọ.

ÌGÒ OÒGÙN ÀTI GÀRÍ

Ní ti oògùn oko, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi gan-an wà. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn tí ń pa kòkòrò, iṣan ara kòkòrò ni wọ́n ń kọlù. Iṣan ara tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ fọ́n oògùn tán, tí itọ́ ń dà lẹ́nu, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ara ń gbọ̀n, kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Oògùn ti wọlé sára ni. Ẹ bọ́ aṣọ náà, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè rí orúkọ rẹ̀.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ọ̀pá ìfọ́n oògùn nígbà tó bá dí. Ẹ má fọ́n ọn dojú kọ afẹ́fẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán pò ó. Oògùn koríko tí a ń pè ní paraquat, tí ìwádìí ti so mọ́ àrùn Parkinson, ìyẹn àrùn tí ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí ẹsẹ̀ sì ń wúwo, NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Bí ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ má rà á. Ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ má da oògùn ẹ̀fọn lé e lórí. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò onípele mẹ́ta, tàbí kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ẹ ó dé pa pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú nítorí kò rí afẹ́fẹ́, ẹ̀yin kò sì ní jẹ májèlé.

Gàrí náà ńkọ́? Ní ọdún 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun yìí kan náà kọ ìwé nípa àwọn ará ilẹ̀ wa kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n bí iná, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí wọn ń kọṣẹ́. Ohun tó tọ́ka sí ni sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí àwọn ènìyàn ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìsí ohun tó dára mìíràn. Ara wa lè sọ májèlé yìí di aláìlágbára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ èròjà tí ń bẹ nínú ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà láti fi ṣiṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe torí pé ọjà yá kí ẹ yan gàrí tí ẹ rin lánàá. Ẹ jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì yan án jinná. Bí ẹ bá fẹ́ mu gàrí, kí ẹ̀pà tàbí àkàrà wà níbẹ̀.

OGÚN ÀWỌN BÀBÁ WA

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ kan. Láti ọdún 1992, àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ ṣe ìwádìí lórí àwọn arúgbó tí ń ṣarán. Ní Ìbàdàn, àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n tọ àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan: 2,459 jẹ́ Yorùbá, 2,147 sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ní 2001 wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta. Nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, àwọn tí àrùn ìṣarán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan kò ju bí 14 lọ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Indianapolis, bí 32 ni.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló pa wọ́n pọ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Kí ló wá fà á? Àwọn olùwádìí wo oúnjẹ, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tí gbogbo wọn kéré lára àwọn àgbà Ìbàdàn. Wọ́n sì rí i pé àwọn arúgbó tí ń gbé pẹ̀lú ènìyàn nínú agbo ilé kò fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn náà. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹsẹ̀ rírìn àti agbo ilé: ogún tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ogún a máa parun lọ́wọ́ ọmọ. Nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 2011 lórí àwọn àgbà Ìbàdàn yìí náà, wọ́n fi hàn pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ni ìṣarán tètè ń mú jù. Àwa wá ńkọ́ lónìí? Ọ̀kadà ni a ń gùn dé oko tí kò tó máìlì kan. Máàgì mẹ́ta ni a ń dà sí ọbẹ̀ ẹni méjì, a sì tún ń bu iyọ̀ lé e. Ọtí elérìndòdò ti rọ́pò omi. Ògógóró ti di oògùn ara ríro. Ìyá wa tó wà lábúlé, òun nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ YÍN LÈ ṢE

N kì í ṣe dókítà. Dípúlómà tí mo gbà, ti iṣẹ́ ọ̀gbìn ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe.

Ẹ dá owó, kí ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan fún ẹgbẹ́. Kí nọ́ọ̀sì tó sún mọ́ yín kọ́ ẹni méjì nínú yín bí a ti ń lò ó. Lọ́jọ́ ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni tó san àjẹṣẹ́kù rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń wà ní 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìgbà bíi mélòó kan, kí ó lọ rí dókítà. Bí wọ́n bá fún un lóògùn, kí ó má torí pé ara ti yá kí ó dá a dúró. Oògùn náà ló mú kí ara yá.

Ẹni tó ń gun ọ̀kadà, kí ó dé akoto. Ẹni tó ti dàgbà, ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀; ẹ jẹ́ kí ó ṣa ẹ̀gúsí, kí ó pa ìtàn, kí ó ta ayò. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, àrùn ẹ̀gbà ni. Ẹ má dúró di ọ̀la. Bí àgbàlagbà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, tí ìwà rẹ̀ yí padà, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní olè, kí ẹ sì tó pe ìyá arúgbó ní àjẹ́.

Ẹ ó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí akápò wa. Ó wà láàyè. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ohun tó ti lọ nínú ọpọlọ rẹ̀ kò padà tán, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹlòmíràn ló ń kọ ìwé owó báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, èmi náà sì dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n máa ń gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ akápò tuntun, nítorí àwọn gbèsè àtijọ́ wà tí òun nìkan ṣì rántí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo tibẹ̀ dé, mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ tèmi náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti dé 160 lókè, 100 nísàlẹ̀, n kò sì mọ nǹkan kan lára. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má dúró de ìgbà tí ara bá sọ fún yín.

 Irè oko yóò pọ̀, ọpọlọ tí a ó fi ká a yóò sì máa jí pépé.